Kámẹ́rà Pupa, Bátìrì Aago

Ní 2009, kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú méjì ló fẹ́ yà mí ní wèrè ní Computer Village, Ìkẹjà: Canon PowerShot A480 àti Nikon Coolpix L20. Mẹ́gápísẹ́lì 10 ni ti àkọ́kọ́, 10 náà ni ti èkejì. Súùmù Canon jẹ́ ìlọ́po 3.3, ti Nikon jẹ́ 3.6. Nítorí táńtín yẹn, mo dúró sínú oòrùn fún odidi wákàtí kan bí ẹni tó ń yan ìyàwó.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ọmọ tó ń tajà wí, "ẹ fi súùmù sílẹ̀. Pupa yìí á bá fìlà yín mu."

Mo ra pupa.

Ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ kò tó èékánná ọmọńdinrín, ibẹ̀ náà ni wọ́n há àmì mílíọ̀nù 10 sí bí èrò inú dánfó. Abájọ tí fọ́tò alẹ́ fi máa ń dà bíi pé wọ́n wọ́n gààrí sí i.

Ṣùgbọ́n bátìrì ni baba ọ̀ràn. Méjì ni kálukú wọn ń jẹ, irú ti rìmóòtù. Rìmóòtù a máa tọ́ ọ wò ni, kámẹ́rà a gbé e mì káló. Lọ́jọ́ ìkómọ kan nílé bàbá ìyàwó mi, bátìrì tí mo rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kú fin-ín. Mo yọ ọ̀kan nínú rìmóòtù, mo yọ èkejì nínú aago ara ògiri. Fọ́tò mẹ́fà ni mo rí yà. Nínú ìkẹfà, gbogbo èèyàn ló ń rẹ́rìn-ín, àfi bàbá, tí wọ́n kọjú sí ògiri.