Ọnárébù Bẹ́ẹ̀-ni

Ìyàwó rẹ̀ pàápàá kì í pe orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ tó ti búra nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, Ọnárébù ló ń jẹ́. Ẹni tó bá gbé oyè náà mì, kó má retí pé yóò wẹ̀yìn.

Ọ̀nà tó gbà débẹ̀ kò pamọ́. Ó ti ṣe káńsílọ̀, ó ti gbé báàgì fún alága ẹgbẹ́, ó ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá ìsàlẹ̀ títí ẹ̀fọn ibẹ̀ fi dá a mọ̀. Ohun tí ìwé òfin 1999 ń béèrè kò pọ̀: kó kàwé dé ìpele ìwé ẹ̀rí girama, kó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún (wọ́n sọ ọ́ di 25 lọ́dún 2018), kí ẹgbẹ́ òṣèlú kan sì fà á kalẹ̀. Ìdí ìfàkalẹ̀ yẹn ni bàbá ìsàlẹ̀ jókòó sí.

Èkó ní aṣòfin 40, Ọ̀yọ́ ní 32, Ògùn, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì ní 26 níkọ̀ọ̀kan. Òfin ní kí wọ́n jókòó fún ọjọ́ 181, ó kéré tán, lọ́dún. Bí gómìnà bá gbé ètò ìṣúnà wá, Ọnárébù á ṣí ojú ewé tí ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ wà, á sì pa ìwé dé. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ kọmíṣọ́nnà tuntun wò, òun ni yóò kọ́kọ́ sọ pé, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹrí ba, kí wọ́n máa lọ.” Abẹnugan á béèrè àwọn tó fara mọ́ ọn, “Bẹ́ẹ̀ ni!” tirẹ̀ á mi òrùlé. Ìgbà tí wọ́n bá béèrè àwọn tí kò fara mọ́ ọn ni ikọ́ máa ń ṣe é.

Òfin ló yẹ kó máa ṣe, kó sì máa ṣọ́ owó ìlú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè àbádòfin ní ẹkùn ìdìbò rẹ̀.

“Ọnárébù wa, ọmọ yín ń ṣègbéyàwó ní Sátidé o.”

“Ọnárébù, ẹ ò rántí wa mọ́ sà.”

Nítorí náà ló ṣe ń pín ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọ̀kadà, tó ń lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ gbogbo wọn lára.

Ọjọ́ tí gómìnà àti bàbá ìsàlẹ̀ bá forí gbárí ni ọ̀rọ̀ máa ń dìjà. Lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2006, àwọn 18 nínú aṣòfin 32 l'Ọ́yọ̀ọ́ kéde pé àwọn ti yọ Gómìnà Rashidi Ladọja nípò. Ìdá méjì nínú mẹ́ta tí òfin béèrè kò dín ní 22. Kí ọdún náà tó parí, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá a padà. L'Ékìtì lọ́dún 2014, àwọn 7 nínú 26 jókòó lábẹ́ ààbò ọlọ́pàá, wọ́n ní àwọn ti yọ abẹnugan. L'Ékòó, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 ni wọ́n yọ Abẹnugan Mudashiru Ọbasá nígbà tó wà lókè òkun, tí wọ́n fi Mojisola Meranda, obìnrin àkọ́kọ́ nípò náà, rọ́pò rẹ̀. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ dá sí i. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, Meranda ti kọ̀wé fipò sílẹ̀, Ọbasá sì ti padà sórí àga, láti ọwọ́ ilé ìgbìmọ̀ kan náà.

Òfin tún ní kí aṣòfin tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé fi àga sílẹ̀, àyàfi tí ẹgbẹ́ náà bá pín tàbí tó bá dà pọ̀ mọ́ òmíràn. Lójú Ọnárébù, ọjọ́ tí gómìnà bá kó ẹrù lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn gan-an ni ẹgbẹ́ máa ń pín.

Ìdìbò 2027 ti ń súnmọ́, ó sì fẹ́ padà. Ẹ̀rọ ìlọta tuntun ti dé, ó ku pósítà. Kò tíì mọ ẹni tí fọ́tò rẹ̀ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, bóyá gómìnà ni tàbí bàbá ìsàlẹ̀, ló bá ní kí atẹ̀wé rẹ̀ ní Ṣómólú tẹ méjèèjì.