Ẹ Bi Ìyá Oníìpanu: Tòmátì Ń Dójú Tì Mí

Ìyàwó tuntun ni mí. Mo gé tòmátì lé búrẹ́dì, mo já ẹfínrín sí i, mo gbé e sínú ààrò. Ìgbà tó máa jáde, búrẹ́dì ti di ògì, ẹfínrín ti di èédú. Ọkọ mi ní kí n bu ṣúgà sí i kí òun mu ún. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú.
Ojú Ń Tì Mí, Ìbàdàn

Ọmọ mi, ọkọ rẹ kò purọ́, ṣùgbọ́n a óò fìyà díẹ̀ jẹ ẹ́. Nínú 100 gíráàmù tòmátì, nǹkan bí i 94 ló jẹ́ omi. Gé e pẹlẹbẹ, yọ hóró inú rẹ̀, wọ́n iyọ̀ sí i, kó o sínú asẹ́ fún 20 ìṣẹ́jú. Iyọ̀ á fa omi jáde. Má da omi náà nù o. Bu ṣúgà sí i, kí o gbé e fún ọkọ rẹ bó ṣe wí.

Búrẹ́dì Agége rọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí, àfi èyí tó ti sùn mọ́jú. Gé e tẹ́ẹ́rẹ́, fi òróró pa á lára, kọ́kọ́ yan án lásán títí ara rẹ̀ á fi le, kí o tó to tòmátì àti àlùbọ́sà lé e. Fọ́ wàrà sórí rẹ̀, kí o dá a padà sínú ààrò. Wàrà tí wọ́n fi oje bọmubọmu dì kì í yọ́. Orí rẹ̀ á kàn pọ́n ni. Má dúró kó yọ́ títí ilé á fi jó! Fún ẹfínrín, ìbátan rẹ̀ ni basil tí àwọn ará Ítálì ń já sórí tòmátì tiwọn, àmọ́ ẹfínrín le jù ú lọ. Rẹ́ ewé mẹ́ta wẹ́wẹ́, kí o wọ́n ọn nígbà tí o bá ti gbé e kúrò lórí iná.

Ìyá ọkọ ńkọ́? Gbé ẹyọ kan fún wọn kí àlejò mìíràn tó dé. Kúnlẹ̀, ní, “Màámi, ṣé iyọ̀ rẹ̀ tó?” Ohun yòówù kí wọ́n wí, dúpẹ́, má fi nǹkan kan kún un. Láti ìgbà yẹn lọ, àwọn ló sè é, àwọn náà ni yóò máa polówó rẹ̀.

Mi ò ní ààrò, mo sì ti ṣèlérí ìpanu fún ọmọbìnrin kan.
Àpọ́n Onílérí, Yábàá

Ẹnu rẹ yá ju àpò rẹ lọ. Da yanrìn gbígbẹ sínú ìkòkò irin tó nípọn, gbé agolo òfìfo lé e, dé ìkòkò náà, kó gbóná dáadáa lórí iná. Gbé àwo irin tí ìpanu wà nínú rẹ̀ lé agolo náà, kí o dé e padà. Má yá ìkòkò ìyàwó onílé. Bí ọmọ náà bá béèrè ibi tí o ti kọ́ ọ, ní Ítálì ni. Yanrìn kò ní sọ̀rọ̀.

Àwọn àlejò mi jẹ ìpanu yó, wọn ò fọwọ́ kan ẹran.
Olóde Àríyá, Àkúrẹ́

Ìṣòro dà níbẹ̀? Fi kún ìpanu, kí o ti fìríìjì mọ́ ẹran náà.

Ẹ máa kọ̀wé sí mi. Èyí tó bá jóná, ẹ fi sílé. Èyí tó bá dára ni kí ẹ fi ránṣẹ́.