Alága Owó Lọ́yà

Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀. Kì í ṣe lọ́yà, kì í ṣe ọlọ́pàá, kò sì bá ẹni tí wọ́n mú tan, síbẹ̀ òun ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Kí ìyá ọmọ tí wọ́n kó lálẹ́ àná tó nu ojú rẹ̀, Alága ti dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, ó ti gbé fọ́tò ọmọ náà síbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì tó wà lórúkọ òun fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ikọ́ díẹ̀ kí a lè mọ̀ pé kò sùn: "Ẹ̀yin èèyàn wa, owó lọ́yà là ń wá o. Ẹgbẹ̀rún kan kò kéré." Ẹni tó bá san, wọn á ṣàdúrà fún un lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tí kò bá tíì san, Alága á máa kí i láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, "Bàbá Ìbejì, ṣé àlàáfíà ni?" títí Bàbá Ìbejì yóò fi wá ẹgbẹ̀rún méjì jáde.

N kò pè é lólè o. Ká ní olè ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá rọrùn. Owó náà ń jáde lápò rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kì í dé ọ̀dọ̀ lọ́yà kankan. Téṣàn ló ń tán sí. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri níbẹ̀ pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni Alága sì máa ń dúró sí ka owó: ti fáìlì, ti bíìrò, ti epo ọkọ̀. Bí wọ́n bá tú ọmọ náà sílẹ̀, Alága ló mọ ọ̀nà. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí kóòtù májísíréètì lọ́jọ́ Ajé ńkọ́? Àpò ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Ajé yẹn gan-an ni iṣẹ́ tí a dáwó fún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ẹni tí yóò bẹ adájọ́ fún béèlì, tí yóò da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí, tí yóò tún padà wá nígbà tí wọ́n bá sún ẹjọ́ sí oṣù tó ń bọ̀, àti oṣù tó tẹ̀ lé e. Abala 35 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, tàbí ọjọ́ méjì bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́yà tó ka abala yìí sí ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ kìíní wúlò ju àpòòwé Alága lọ. Nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n wa, ó lé ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá tí adájọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́ rárá.

Wọn á ní àdúgbò kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká wo oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS tí àwọn ọ̀dọ́ fi tako ìwà ipá ọlọ́pàá. Àwọn obìnrin tó dá Feminist Coalition sílẹ̀ lọ́dún náà gba owó tó lé ní mílíọ̀nù 147 náírà láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n dí ọ̀nà báńkì mọ́ wọn, wọ́n gba Bitcoin. Wọ́n ń gbé ìṣirò ìnáwó wọn síta fún gbogbo ayé, àwọn lọ́yà tó yọ̀ǹda ara wọn ń lọ láti téṣàn dé téṣàn, nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù náà, wọ́n kéde pé àwọn kò gba owó mọ́. Alága tiwa kò tíì kéde irú rẹ̀ rí. Ẹ má sì sọ pé ẹgbẹ́ ńlá nìyẹn. Alájọ tó ń yí ọjà ká ń sàmì sí káàdì oníṣòwò lójoojúmọ́, igba náírà lásán ni.

"Ọlọ́pàá kì í já rìsíìtì fún béèlì" ni àwíjàre rẹ̀ tó fẹ́ràn jù. Òótọ́ ni, ohun tó sì fi yẹ kí owó yẹn gba ibòmíràn nìyẹn. Àwọn mìíràn á ní ìjọba ti dá Legal Aid Council sílẹ̀ láti ọdún 1976, kí ni ìdáwó wà fún? Òfin rẹ̀ ti ọdún 2011 fojú sun ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tó di 70,000 náírà lọ́dún 2024. Fọganáísà tó ń rí díẹ̀ lé e lè má rọ́wọ́ mú níbẹ̀. Ní Èkó, Office of the Public Defender wà tí kì í gba kọ́bọ̀, àmọ́ Alága kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Wọn kì í dáwó lọ síbẹ̀.

Mo gbà pé lálẹ́ tí wọ́n ń na ọmọ ẹni ní sẹ́ẹ̀lì, kò sí ìyá tó máa dúró de abala 35. Kó san ohun tó bá lè san. Ṣùgbọ́n kí Alága pe owó náà lórúkọ rẹ̀, kó má pè é ní owó lọ́yà, kó sì ya ìdajì sọ́tọ̀ fún kóòtù. Bí nọ́ńbà àkáǹtì bá tún wọlé sórí fóònù yín lọ́la, ẹ béèrè orúkọ lọ́yà náà kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.