Bí Mo Ṣe Gbà Á

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ láàárọ̀ yìí ni fóònù mi dún. Ẹni tó bá ti tó ọjọ́ orí mi mọ̀ pé fóònù tó bá dún kí ilẹ̀ tó mọ́, bí kò bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òkú, á jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ yáwó. Mo fò dìde, mo ń táràrà wá awò ojú mi. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó fẹ́ yáwó. Àǹtí mi tó ń gbé Mọ́kọ́lá ló fi iṣẹ́ sójú WhatsApp ẹbí.

Iṣẹ́ náà rèé: kí n gé àlùbọ́sà pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kí n tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ lé e, kí n sì sùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ á ti rọ́ sínú àlùbọ́sà, àlùbọ́sà á sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Làkúrègbé, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ̀díjẹ̀dí, àìrọ́mọbí, gbogbo wọn á gba ẹsẹ̀ jáde. Wọ́n ní àwọn dókítà ò fẹ́ ká mọ̀. Àwòrán àlùbọ́sà wà níbẹ̀, àwòrán ẹsẹ̀ òyìnbó wà níbẹ̀, ọwọ́ àdúrà mẹ́fà wà níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni gbólóhùn tó lé oorun kúrò lójú mi wà: "Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́."

Mo pè é.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Àlùbọ́sà yìí, ṣé ẹ ti gbé e sùn rí?"

"Èmi kẹ̀! Kí gbogbo yàrá máa rùn bí ìsọ̀ onísúyà?"

"Ta ló fi ránṣẹ́ sí yín?"

"Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ni."

"Ṣé àwọn ti gbé e sùn?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ìbéèrè rẹ ti pọ̀ jù láti kékeré. Ṣé o ò rí i ni? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí mo ṣe gbà á ni."

Ó pa fóònù. Ó ti jàre.

Ẹ jẹ́ ká fi àlùbọ́sà sílẹ̀ ná. Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń tà á ní Bódìjà á mọ̀ pé ẹni tó lè rà á kó fi sínú ìbọ̀sẹ̀ kò nílò ìwòsàn, EFCC ló yẹ kó bá a sọ̀rọ̀. Gbólóhùn ìsàlẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá jà. Ó jọ ìrẹ̀lẹ̀, ó jọ òótọ́ inú. Ohun tó ń sọ gan-an ni pé: "Mi ò kà á tán, mi ò dán an wò, mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Tó bá pa yín, ẹ má pe orúkọ mi. Tó bá wò yín sàn, ẹ rántí ẹni tó fi ránṣẹ́."

Ká ní gbogbo ayé ń fi gbólóhùn yìí ṣiṣẹ́ ńkọ́? Òkúta inú àkàrà dá eyín rẹ, alákàrà ní bí òun ṣe ra ẹ̀wà ni òun ṣe lọ̀ ọ́. Mẹkáníìkì dá mọ́tò rẹ padà, o dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè Àrẹ̀mọ, búréèkì ò mú, ó ní bí búréèkì ṣe wà nígbà tó o gbé e wá náà ló ṣe wà. Télọ̀ gba yáàdì márùn-ún lọ́wọ́ rẹ, nígbà tó dọjọ́ ìnáwó ó gbé yáàdì márùn-ún padà lé ọ lọ́wọ́, ó ká a dáadáa, kò fi síṣọ́ọ̀sì kàn án: bí mo ṣe gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé aṣọ fún télọ̀ nílùú Ìbàdàn rí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí yín.

Àwọn bàbá wa ti parí ẹjọ́ yìí kí fóònù tó dáyé. Wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹrú ló ń jẹ́ iṣẹ́ bó ṣe gbà á. Ọmọ á kọ́kọ́ gbé e yẹ̀ wò, á wo ojú ẹni tí òun fẹ́ jẹ́ ẹ fún, á yọ egungun inú rẹ̀ dànù kó tó la ẹnu. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí nínú ẹbí wa, Àǹtí mi gan-an ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ni wá lẹ́nu, ẹrú ni wá lójú WhatsApp.

Ẹnìkan á ní àrokò ńkọ́? Lóòótọ́, ẹni tó ń gbé àrokò lọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọmọge, ẹ̀fà ni, ọkàn ẹni tó so ó ń fà sí i. Kí ọmọ iṣẹ́ yọ ẹyọ kan péré níbẹ̀, ìfẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gba àrokò mọ ilé tó ti wá, ó mọ orúkọ ẹni tó so ó, bí ọ̀rọ̀ bá sì yíwọ́, ó mọ ẹni tí òun máa so tòun padà fún. Ta ló so àlùbọ́sà?

Ẹ má rò pé àìsàn àgbàlagbà tàbí àìsàn adúláwọ̀ nìkan ni. Ẹ̀yin náà gbọ́ nípa ẹ̀rọ Google. Ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún 2024 ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ dáhùn ìbéèrè jáde fún àwọn ará Amẹ́ríkà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi bi í pé kí lènìyàn lè ṣe sí wàràkàṣì tó ń yọ̀ kúrò lórí pizza. Ẹ̀rọ dáhùn pé kí ènìyàn po gọ́ọ̀mù tí kò ní májèlé mọ́ ọbẹ̀ rẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ ife.

Gọ́ọ̀mù! Èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń lẹ ìwé. Ẹ sì kíyè sí i pé ó wọ̀n ọ́n. Kò ní kí ènìyàn dà á sí i bó ṣe wù ú. Ìyá mi se ọbẹ̀ fún ogójì ọdún láì wọn nǹkan kan, ọwọ́ ló fi ń mọ iyọ̀, ojú ló fi ń mọ epo. Ẹ̀rọ yìí wọn gọ́ọ̀mù. Àtè là ń pe gọ́ọ̀mù kí ilé ìtàwé tó dé, iṣẹ́ àtè ò sì ju pé kó mú ẹyẹ lọ, àfi ọjọ́ tí Ìjàpá gbá ọmọlángidi alátè létí lóko olóko, tí ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ̀bìà ni Ìjàpá, ó jalè, ó tan ẹbí, ó tan àna. Síbẹ̀ mi ò gbọ́ àlọ́ kankan rí tí Ìjàpá ti jẹ àtè. Bó bá sì jẹ́ pé ohun tó máa lẹ̀ ni wọ́n ń wá, ṣé ẹ̀rọ náà ò gbọ́ àpọ̀n rí ni? Ṣé kò gbọ́ ewédú? Ewédú tí wọ́n fi ìjábẹ̀ já ni mò ń wí o. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Níbo ni ẹ̀rọ ti rí gọ́ọ̀mù? Lọ́dọ̀ ẹnìkan tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Reddit ní ọdún 11 ṣáájú ni. Ẹ̀rọ ò mọ yẹ̀yẹ́. Ó gbé e, ó wẹ̀ ẹ́, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó fi ránṣẹ́. Láàárín ìgbà yẹn kan náà ló tún sọ pé kí ènìyàn máa jẹ òkúta kékeré kan, ó kéré tán, lójoojúmọ́. Ọ̀dọ̀ The Onion ni ìyẹn ti wá, àwọn tó jẹ́ pé ìròyìn irọ́ tó ń pani lẹ́rìn-ín ni iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé Àlùbọ́sà ni orúkọ wọn ń jẹ́. Mo búra, mi ò bá wọn ṣètò rẹ̀. Ní ti òkúta, àwa tó ti ń jẹ ìrẹsì ọ̀fadà láti kékeré ti jẹ tiwa sílẹ̀, dókítà kankan ò kọ ọ́ fún wa.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ná òbítíbitì owó lé lórí, tí wọ́n ní ó ti ka ìwé ayé tán: Àǹtí mi ni, ìró nìkan ni kò ró. Ìyàtọ̀ kan ló wà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 30 oṣù náà, Google ti jáde wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe àwáwí díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ti dín àyè tí ọ̀rọ̀ àwàdà ń rí nínú ìdáhùn ẹ̀rọ náà kù. Wọn ò ní bí ẹ̀rọ ṣe gbà á ni.

Ẹ jẹ́ kí n dẹwọ́ ẹ̀fẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù Keje 2014, Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kò jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ jáde sígboro. Ẹ̀mí dókítà náà lọ sí i ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Oṣù Kẹjọ yẹn kan náà ni ẹnìkan jókòó síbìkan, tó kọ ọ́ sórí fóònù pé kí gbogbo ènìyàn po iyọ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́, kí wọ́n fi wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ rántí òru ọjọ́ náà. Ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rántí. Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń jí bàbá, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn ará ilé kejì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lóṣù náà pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ló ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀. Ebola ò rí wọn. Ẹni tó fẹ́ràn wọn ló jí wọn lóru, tó gbé ikú fún wọn, bó ṣe gbà á. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí irọ́ já, kò sẹ́ni kan nínú gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tó tún tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé: ẹ foríjì mí, irọ́ ni mo gbé fún yín.

Èmi náà ò tẹ̀ ẹ́. Ènìyàn mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́ sí lóru yẹn, ìyá mi sì wà lára wọn, ìyá mi tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Orí ló bá mi ṣe é. Ó pè mí padà, ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo ń wá èsì. Kí n tó rí i, ó ti padà lọ sùn.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè ọ̀hún ò ju mẹ́rin lọ tá a bá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, a ò sì lè ní a ò mọ̀ ọ́n bi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2014 kan náà, ariwo sọ nítorí Jamie Oliver, alásè ará Gẹ̀ẹ́sì, tó se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tirẹ̀ pẹ̀lú tòmátì wẹ́wẹ́ tí kò tíì já kúrò lórí ìtàkùn, ewé parsley, àti ọsàn kíkan lórí rẹ̀. Háà! Nàìjíríà dìde, Gánà dìde. Ta ló kọ́ ọ? Níbo ló ti rí ewé? Kó gbé ẹ̀rí jáde! Jọ̀lọ́ọ̀fù ọkùnrin yìí ò pa èèrà. Àwa tá a gbé omi iyọ̀ mì láìbéèrè lóṣù Kẹjọ la di agbẹjọ́rò lóṣù Kẹwàá nítorí ọsàn.

Àwọn tó ni WhatsApp ti gbìyànjú tiwọn. Ní 2018, àhesọ gbọ́mọgbọ́mọ mú kí àwọn èrò lu ènìyàn pa ní Íńdíà. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2019, wọ́n pàṣẹ fún gbogbo ayé pé ẹnikẹ́ni ò ní lè fi iṣẹ́ kan ṣọwọ́ sí ju ibi márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹrin 2020, nígbà kòrónà, wọ́n ní èyí tó bá ti rìn jìnnà, tó ti ní ọfà méjì lórí, ibi kan ṣoṣo ni lẹ́ẹ̀kan. Àǹtí mi wo ọfà méjì, ó rẹ́rìn-ín. Ó da ọ̀rọ̀ náà kọ, ó lẹ̀ ẹ́ síbòmíì, ọfà pòórá. Obìnrin tó ń pè mí láti Mọ́kọ́lá pé kí n wá bá òun pa tọ́ọ̀ṣì ara fóònù ló dá àwọn ẹnjiníà Califọ́níà dùbúlẹ̀ yẹn.

Kì í ṣe pé ohun gidi ò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi YorubaName.com sójú ẹbí, èyí tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, tí ènìyàn ti lè rí orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ àti àmì ohùn tó yẹ kó wà lórí rẹ̀. Mo ti wá orúkọ tèmi níbẹ̀, mo ti wá ti bàbá mi. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé èmi fúnra mi ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ènìyàn 64 la wà níbẹ̀. Ẹnìkan fi àtàǹpàkò sí i. Ẹnì kejì bi mí bóyá wọ́n ń fúnni ní dátà.

Aago mẹ́wàá ti lù báyìí. Àlùbọ́sà ti dé ojú WhatsApp àdúgbò, ó ti dé ti àwọn tá a jọ jáde iléèwé. Lọ́nà, ẹnìkan ti fi kún un pé àlùbọ́sà pupa ló ń ṣiṣẹ́ jù. Bó ṣe gbà á náà nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń fi bùlẹ́ńdà lọ ewédú, tẹ́ ẹ tún ń fi orin sí fídíò rẹ̀: mo ní mo ń bọ̀ wá sórí yín, àyè tí wọ́n fún mi ti tán. Ìjábẹ̀ ò wọ́n. Ẹ lọ rà á.