Òsì Ọmọláńgidi, Ọ̀tún Òmìrán

Èmi kì í sọ ọ̀rọ̀ ilé onílé o. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú ọgbà wa ní Lanham, ní Maryland níbí, wọ́n á sọ fún yín pé ẹnu mi dà bíi kóló: ohun tó bá ti wọ ibẹ̀, àfi kí wọ́n fọ́ ọ kó tó jáde. Ṣùgbọ́n fèrèsé ilé ìdáná mi ló dojú kọ ti àwọn aládùúgbò mi, èmi kọ́ ni mo kọ́ ilé náà. Bí èèyàn bá ń fọ abọ́, ṣé kó di ojú ni?

Ọ̀rọ̀ Màmá Iléṣà tí wọ́n wá kí ọmọ wọn nínú ilé náà ni mo fẹ́ sọ, àwọn àti bàtà òwú tí wọ́n hun fún ọmọ-ọmọ wọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Bàbá Kékeré ni Màmá ń pe ọmọ náà, torí wọ́n ní bàbá àwọn ló yà sílé. Ọmọ ọ̀hún sì gbà bẹ́ẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá ní kó wá jẹun, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ kí òun dáadáa.

Ìlànà Maryland ni pé ọmọ tó bá pé ọdún márùn-ún, ó pẹ́ tán ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, ló ń wọ kíńdágáàtìn lọ́dún náà. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ni wọ́n bí Bàbá Kékeré. Ká ní ìyá rẹ̀ tún fi ọjọ́ mẹ́rin rọbí sí i ni, ọmọ ìbá ṣì wà nílé lọ́dún yìí, èmi náà ìbá má rí nǹkan kan sọ.

Ìwé ilé ìwé dé lóṣù keje. Pẹ́ńsùlù, gọ́ọ̀mù, tíṣù, aṣọ ìpààrọ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n wá kọ ọ́ pé àwọn ọmọ á máa bọ́ bàtà bí àkókò ìsinmi bá tó, ẹni tó bá fẹ́ lè mú bàtà rírọ̀ wá láti ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ni wọ́n kọ o. Ìyá àgbà Iléṣà wo lẹ ti rí tó gbọ́ “ẹni tó bá fẹ́” rí?

“Àtẹ́lẹsẹ̀ ni òtútù ń gbà wọnú ọmọ,” Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀. Lóṣù keje! Oòrùn tó ń yọ́ ọ̀dà ojú títì! Ṣùgbọ́n wọ́n ti bá ọmọ wọn dé ọ́fíìsì kan, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wọ́n di ẹja inú fíríìsà, wọ́n sì ti pinnu pé bí gbogbo ilé Amẹ́ríkà ṣe rí nínú nìyẹn.

Mi ò dá Màmá lẹ́bi. Ẹ̀yin tí wọ́n bí nílé, ẹ rántí. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, nínú ooru oṣù kẹta, kí òjò tó rọ̀. Fìlà wúùlù, ìbọ̀sẹ̀ wúùlù, ìbọ̀wọ́ wúùlù, ṣọ́ọ̀lù lé gbogbo rẹ̀ lórí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbà mí sáyé. Fọ́tò ìkómọ mi wà lọ́wọ́ mi. Imú nìkan ló hàn. Bí ẹ bá sọ fún mi pé ọmọ ẹlòmíràn ni, mi ò ní í jiyàn.

Tíṣà àgbà sì ni Màmá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì: kóróṣé, abẹ́rẹ́ méjì, ìránṣọ. Bí wọ́n bá mú abẹ́rẹ́ méjèèjì lọ́wọ́, ẹ ò ní rí ìka wọn, ariwo kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lẹ máa gbọ́. Ìlú kan náà ni wọ́n kúkú ti wá pẹ̀lú àwọn òṣómàáló. Bàbá wọn gan-an wà lára wọn, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè lọ́jọ́ tí owó bá pé, tí wọn ò ní dìde àfi bí owó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ fi ti òṣómàáló yìí sọ́kàn. Òun ló ba bàtà jẹ́.

Òwú àkọ́kọ́, ẹ̀bùn ni. Òyìnbó obìnrin àgbà kan tí òun àti ọmọ Màmá jọ ń ṣe nọ́ọ̀sì ló fún wọn ní ìdì kan, irun àgùntàn pọ́nńbélé, àwọ̀ ewé tẹ̀tẹ̀. Ibi Maryland Sheep and Wool Festival ló ti rà á. Ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún ni wọ́n máa ń ṣe é, ní West Friendship, ní Howard County tó múlé gbè wá. Èmi náà lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo gbọ́ “àgùntàn”, mo ti gbé kúlà sẹ́yìn mọ́tò. Mo rí ọ̀kan tó ládìí, mo béèrè iye rẹ̀, mo tún fọwọ́ tẹ itan rẹ̀ wò. Ẹni tó ni ín wò mí bíi pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé sínú ìkòkò. Irun ni wọ́n ń wá débẹ̀. Mo ra súwẹ́tà kan, mo gbé kúlà mi padà sílé lófo.

Òyìnbó yẹn náà ló fi bí wọ́n ṣe ń ṣe bàtà ọ̀hún han Màmá. Wọ́n ò ní hun ún ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ ọmọ. Wọ́n á hun ún tóbi gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá jù ú sínú omi gbígbóná nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ kó sún kì. Ẹyọ irun àgùntàn kan, bí ẹ bá fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, ó ní ìpẹ́ lára bíi ti ẹja. Omi gbígbóná á jẹ́ kí ìpẹ́ náà ṣí, bí ẹ̀rọ bá wá ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, ìpẹ́ tibí á kọ́ tọ̀hún, kò sẹ́ni tó lè tú wọn mọ́ láyé. Aṣọ náà á ki, á le, omi ò ní tètè wọnú rẹ̀, á wá di bàtà gidi. Ẹsẹ̀ Bàbá Kékeré jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18. Màmá hun ún ní 27.

Greenbelt ni wọ́n ti hun tòsì tán, lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún omi ibẹ̀, èmi ni mo wà wọ́n lọ. Mo wá sọ fún wọn pé ìjọba Roosevelt ló kọ́ ìlú náà nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀, pé 1937 ni àwọn ará ibẹ̀ kó wọlé, àti pé Eleanor, ìyàwó ààrẹ, kópa nínú rẹ̀ débi pé ilé ìwé girama kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní. Eleanor yìí, ahunṣọ ni. Kò sí ibi tó ń lọ tí kì í gbé àpò òwú dání, bí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń lọ. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó wà lára àwọn tó pe àwọn obìnrin Amẹ́ríkà jọ láti máa hun nǹkan fún àwọn ọmọ ogun. Màmá gbọ́ èyí, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Ìyàwó ààrẹ ń hun ìbọ̀sẹ̀,” wọ́n ní, “ìwọ ń tẹ fóònù.”

Mo fi fóònù sápò.

Ibi tí tòsì parí sí náà ni ìdì òwú parí sí. Ọmọ Màmá ní irú òwú bẹ́ẹ̀ tó dọ́là mẹ́rìnlélógún. Ẹ wo ojú ọmọ òṣómàáló! “Mẹ́rìnlélógún? Fún ẹsẹ̀ kan?” Wọ́n ní ká lọ ra òwú ní Joann. Mo ní Màmá, Joann tí ẹ mọ̀ nígbà tí ẹ wá lẹ́ẹ̀kan ti ti gbogbo ilé ìtajà rẹ̀ pa ní 2025. Ni wọ́n bá ní kí n gbé àwọn dé ibì kan tí wọ́n ti ń ta nǹkan ní pọ́ọ́kú. Wọ́n gbé òwú síta, wọ́n gbé e sí oòrùn, wọ́n fi wé tòsì. Tẹ̀tẹ̀ àti tẹ̀tẹ̀. Dọ́là mẹ́rin. Inú wọn dùn bíi pé wọ́n gba gbèsè ogún ọdún.

Ìwé tí wọ́n fi dè é sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é o, gàdàgbà: àkírílíìkì. Màmá ò wọ gíláàsì. Èmi wọ tèmi, ṣùgbọ́n èmi kì í dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí.

Àkírílíìkì, epo rọ̀bì ni ìyá rẹ̀, epo kan náà tí wọ́n ń wà nílẹ̀ wa lọ́hùn-ún. Kò sí àgùntàn kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì ní ìpẹ́. Ẹ sè é, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbàdúrà sí i, bó ṣe wà ló máa wà.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n gbé bàtà méjèèjì lọ sí abẹ́ ilé níbi tí gbogbo ọgbà ti ń fọṣọ. Mo wà níbẹ̀. Aṣọ mi ni mo ń fọ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ki owó ẹyọ bọ ẹ̀rọ, wọ́n yí i sí gbígbóná jù. Ìgbà àkọ́kọ́, tòsì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki, tọ̀tún wà bó ṣe wà. Màmá ní, “Èyí ń ṣorí kunkun.” Ìgbà kejì, tòsì dé ìwọ̀n Bàbá Kékeré gẹ́ẹ́, ó dára, ó rẹwà, mo fọwọ́ kàn án, ó dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Tọ̀tún ṣì na ẹsẹ̀ gbọọrọ.

Mo ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká yọ tòsì.”

Wọ́n ní, “Ìbejì ni wọ́n. Wọ́n jọ wọlé, wọ́n á jọ jáde.”

Ìgbà kẹta, wọ́n sọ pé omi nìkan kò tó, wọ́n tún gbé méjèèjì sínú ẹ̀rọ ìgbẹṣọ. Bí à ń dúró de ọ̀tún kó ronú pìwà dà, bẹ́ẹ̀ ni òsì ń ṣègbé. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, tòsì ti di ti ọmọláńgidi, ó le bí ekùrọ́. Tọ̀tún ń tutù nini, ó tilẹ̀ dà bíi pé ó tún fi díẹ̀ gùn sí i. Mo yára kó aṣọ mi, ó ṣì tutù, mo sì gòkè lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé fèrèsé mi ṣí.

Ọmọ wọn ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, ó rí méjèèjì lórí tábìlì. Ó ní, “Màmá, bàtà mélòó lẹ hun?” Wọ́n ní, “Méjì.” Ó ní, “Fún èèyàn mélòó?” Wọ́n dákẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ abọ́ ọwọ́ mi. Bàbá Kékeré fúnra rẹ̀ ò bínú o. Ó wọ tòsì fún kìnnìún onírun rẹ̀, ó dé tọ̀tún sórí bíi fìlà abetí ajá, ó ní òun ti ṣe tán, kí wọ́n máa gbé òun lọ sí ilé ìwé.

Ọkọ ọmọ wọn ló wá yà mí lẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni jẹ́jẹ́ ni, ó rí bí Prince George tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ County wa ní 1696: ará Denmark, ọkọ Anne tó padà di ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ní 1702. Ìyàwó ń jọba, ọkọ ń jókòó. George yẹn ò tilẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ yìí rí títí ó fi kú, àwa là ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kiri. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ yìí lanu, ó na fóònù sí Màmá.

Ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé kan ni, ó wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Íjíbítì ni wọ́n ti wà á jáde ní 1913 sí 1914, lórí ààtàn ìlú àtijọ́ kan tó ń jẹ́ Antinoupolis. Irun àgùntàn ni, ó ti tó 1,700 ọdún. Àtàǹpàkò ní yàrá tirẹ̀, ìka mẹ́rin yòókù wà ní yàrá kejì, kí ọmọ lè fi wọ sálúbàtà. Ilà àwọ̀ méje ló wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ aró mẹ́ta péré ni aláró ìgbà náà ní, pupa, búlúù àti ìyeyè, tó ń pò wọ́n mọ́ra. Aláró Òṣogbo á mọ irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀.

“Ti ẹsẹ̀ òsì ni, Màmá,” ọkọ ní. “Òsì nìkan ni wọ́n rí.”

Màmá gba fóònù, wọ́n wọ gíláàsì. Ẹ gbọ́ o, wọ́n wọ gíláàsì! Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Ìyá àgbà tiwọn náà, ó ra òwú olówó pọ́ọ́kú sí ọ̀tún.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, mo gbàgbé pé fèrèsé ṣí. Màmá yíjú sí òdì kejì. Wọ́n ní, “Ìyá Ìbàdàn, ṣé abọ́ ọ̀hún ò tíì mọ́ ni?”

Bàbá Kékeré ti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé báyìí, bàtà oníná lẹ́sẹ̀ tí wọ́n rà lọ́jà ló wọ̀ lọ, òun náà ló sì fi ń sinmi. Kìnnìún ló ni tòsì. Màmá ti tú tọ̀tún, torí àkírílíìkì ṣeé tú, wọ́n ti fi hun fìlà fún mi, mi ò sì béèrè fìlà. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní wọ bàlúù padà sílé láìsí bàtà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Ọjọ́ kejìlá oṣù yìí ni bàlúù. Ẹni tó bá ní ìdì òwú irun àgùntàn gidi méjì nílé, àwọ̀ yòówù kó jẹ́, kó jọ̀ọ́ gbé e wá bá mi kí Sátidé tó dé, kó sì ka ìwé ara rẹ̀ kó tó gbé e bọ̀. Awọ tí wọ́n máa rán sí ìsàlẹ̀ kí ọmọ má baà yọ̀ ti wà nílẹ̀, wọ́n ti gé e ní sẹ̀ǹtímítà 18 láti ọjọ́ tí tòsì ti parí. Àpò ọwọ́ mi ni wọ́n gé.