Ọjọ́ Tí Atẹ́gùn Di Irun

Ara ṣì ń ta mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó fi iyọ̀ sí i.

Sẹ́mínà àṣejáde ni. Iṣẹ́ mi dá lórí bí atẹ́gùn ṣe ń wọ ilé adìẹ. Lálaalẹ́ ni mò ń bá dígí jà nítorí "v" àti "th" tí èdè wa kò ní. Fún "v", eyín òkè á kan ètè ìsàlẹ̀ bíi ti "f", ṣùgbọ́n ọ̀fun gbọ́dọ̀ máa kùn. Fọwọ́ kan gògóńgò rẹ, wàá mọ̀ ọ́n lára. Fún "th", ṣóńṣó ahọ́n á yọ díẹ̀ láàárín eyín, èémí á gba orí rẹ̀ kọjá. Mo mọ̀ ọ́n tán. Àbúrò tí a jọ ń gbé yàrá ní, "Bọ̀dá, PowerPoint lè máa kọ ọ̀rọ̀ yín sójú ògiri bí ẹ ti ń sọ ọ́. Ẹ tàn án!"

Mo tàn án.

"Ventilation" jáde geerege. Orí mi wú. Ta ló rántí "h"? A ṣáà ní i nílé, ó wà nínú ọ̀rọ̀ "ahọ́n" fúnra rẹ̀. Mo ní, "The bird needs fresh air." Ògiri kọ ọ́: "The bad needs fresh hair."

Mo kẹ́yìn sí i. Mo ń ṣàlàyé lọ: adìẹ kì í làágùn, ẹnu ló fi ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ooru bá mú un, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣí òkè ilé sílẹ̀ kí atẹ́gùn gbígbóná lè jáde. Ògiri: "Hot hair goes out." Kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé mo dùn mọ́ wọn, mo bá gbóhùn sókè: "More air!" Irun kún ògiri.

Ọ̀gá wa bọ́ awò ojú. "Ọ̀gbẹ́ni, ilé adìẹ lò ń kọ́ ni, àbí ṣọ́ọ̀bù onídìrí?"

Ẹ̀rọ yẹn kò mọ adìẹ. Ohùn mi ló gbọ́, ó sì mú ọ̀rọ̀ tó rò pé ó sún mọ́ ọn jù. N kò bá a jà. Àwọn olùkọ́ tó nà wá nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ torí pé a sọ Yorùbá ni mò ń bá jà. Ẹgba wọn pọ̀, ṣùgbọ́n ta nínú wọn ló fi ibi tí ahọ́n ń gbé hàn wá rí?

Ọ̀gá gba máìkì, ó pàṣẹ pé kí n pa ẹ̀rọ náà: "Off it!"

Ògiri kọ ọ́: "Huff it."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ ni máàkì wà.