Ajíratuntun

Kò sí abúlé tí kò ní tirẹ̀, àmọ́ tiwa ní Soclogbo, kí Ọlọ́run gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ níbi òkú ṣíṣe, fóònù rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jókòó kí òun tó jókòó. Àárín àwo iyán àti ìgò ọtí ló ń gbé e sí, yóò dojú rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé lè rí i bó bá tàn. Kì í tàn. Ta ni yóò pè é?

Ẹ wo ojú fóònù náà. Náílọ́nù tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a wá láti inú páálí ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ti lé lóṣù mẹ́jọ. Etí rẹ̀ ti ká sókè, erùpẹ̀ pupa ilẹ̀ Ìdáàṣà ti wọ abẹ́ rẹ̀, ọ̀rá ọwọ́ ti sọ ojú rẹ̀ di bàìbàì, débi pé bó bá fẹ́ kàwé lórí rẹ̀, àfi kó jáde sí oòrùn, kó máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Síbẹ̀, kàkà kó ṣí i, yóò pọ́n ìka lá, yóò fi itọ́ tẹ etí náílọ́nù náà padà. Ọmọ tó bá dán ṣíṣí rẹ̀ wò yóò gba ìgbátí. Bẹ́ ẹ bá ní kí ló fẹ́ fi irú fóònù bẹ́ẹ̀ ṣe, á ní iṣẹ́ ló gbà á. Iṣẹ́ wo? Iṣu àti kajú ló ń gbìn.

Everett Rogers, ará Amẹ́ríkà kan, kọ ìwé jáde ní 1962 lórí bí nǹkan tuntun ṣe ń ràn láàárín àwùjọ. Ó ní àwọn tó ń kọ́kọ́ gbà á kò ju 2.5 nínú 100 lọ. Lẹ́yìn wọn ni èrò ń ya. Ajíratuntun gbà pé òun wà lára aṣáájú wọ̀nyẹn. Irọ́ ni. Kí nǹkan tó dé ọwọ́ rẹ̀, ó ti gun òkè dé ṣóńṣó, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀, owó orí ṣóńṣó sì ni tiwa ń san.

Ẹ rántí 2013. Láti 2007 ni iPhone ti dé. BlackBerry gbé Z10 jáde, kò tà. Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, wọ́n ti kéde àdánù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù kan dọ́là lórí èyí tó kù nílẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni tiwa kó iṣu inú abà tà, ó ra BlackBerry, ó wá ń pín PIN rẹ̀, èyí tí àwọn oníBlackBerry fi ń ránṣẹ́ síra wọn, kiri fún àwọn tó ń lo Nokia 1100! Nokia ọ̀hún, láti 2003, ó lé ní mílíọ̀nù 250 tí wọ́n tà: tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀, eruku kì í ráyè wọ ibi tá à ń tẹ̀. Òun náà kógbá sílé. Ní 2014 iṣẹ́ fóònù Nokia di ti Microsoft, Tecno àti itel sì gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí síìmù méjì, MTN lápá kan, Moov lápá kejì. Ajíratuntun ní ti àwọn àgbẹ̀ ni itel.

Nígbà tí 2017 ń parí lọ, tí WhatsApp kọ̀yìn sí BlackBerry, ó fi tirẹ̀ ta ìyàwó lọ́rẹ. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí: olè ni irú ọkùnrin yìí, ẹnu àwọn ọmọ rẹ̀ ló ti ń jí i.

Lọ́dún yìí, kajú ṣì ń tanná lórí igi nígbà tó ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, ó fi ra iPhone àlòkù láti Kútọnu. Ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọjà Glazoué, ó fi owó gàrí ra itel. Itel náà ni ọkọ ń yá, bí tirẹ̀ bá ti kú, láti fi bẹ oníbàárà náà lórí gbèsè.